Bí A Ti Lè Ran Ọmọ Tí Ẹ̀rù Ń Bà Lọ́wọ́



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ọ̀rọ̀ inú ilé wa ni. Ó kan ọmọ tí ó ń sunkún ní òwúrọ̀ nígbà tí a bá ń wọ aṣọ ilé-ìwé fún un. Ó kan ọmọ tí inú máa ń run ní gbogbo ọjọ́ Ajé, tí ara rẹ̀ sì máa ń dá ṣáṣá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó kan èyí tí kò lè dá sùn, tí kò lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tí kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ jáde lọ sí ọjà láìdì mọ́ ìró rẹ̀. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa, ní Ìjàn, ní Ìkéré, ní Emùré, àti ní gbogbo ìhà gúúsù Èkìtì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé àìsàn lè ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, àti pé àìsàn náà ní ìtọ́jú.

Ẹ kò ní gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù Jánúárì, ọdún 2024. Ní ọjọ́ Ajé náà, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ tí ó ń gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé bọ̀ láti Emùré dúró lójú ọ̀nà, wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn wọ inú igbó lọ. Ní ọjọ́ kan náà, ní apá ibòmíràn ní Èkìtì yìí, a pa ọba méjì lójú ọ̀nà. Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 4 oṣù Fébúárì, ni àwọn ọmọ náà tó rí ìdáǹdè. Àwọn tí a kó lọ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó gbọ́ ìròyìn náà lẹ́nu àgbà, tí wọ́n gbọ́ ọ nínú rédíò, tí wọ́n rí bí àwọn ìyá wọn ti ń sunkún, ta ni ó lè ka iye wọn? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé ẹ̀bá ọkọ̀ náà rí, síbẹ̀ ìbẹ̀rù gbé àwọn náà lọ. Nípa bí a ti lè mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sílé ni a fẹ́ sọ̀rọ̀.

ÌBẸ̀RÙ TÍ Ó DÁRA ÀTI ÌBẸ̀RÙ TÍ Ó DI ÀÌSÀN

Ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun búburú. Ọmọ tí kò bẹ̀rù iná yóò jóná. Èyí tí kò bẹ̀rù odò yóò bómi lọ. A dá ìbẹ̀rù mọ́ wa bí ajá ti ń ṣọ́ ilé: bí àlejò bá dé, ajá a gbó, onílé a sì jáde wò. Ṣùgbọ́n bí ajá bá ń gbó òjìji, tí ó ń gbó ewé, tí ó ń gbó àwọn ọmọ ilé pàápàá, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn, àwa kò ní pa ajá náà. A ó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ni.

Nígbà tí ẹ̀rù bá ba ọmọ, ohun mẹ́ta ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Èkíní ni ìrònú rẹ̀: ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá wọ ọkọ̀, wọn yóò jí mi gbé." Èkejì ni ara rẹ̀: àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ tutù, inú ń run ún, orí ń fọ́ ọ. Ẹ má ṣe rò pé irọ́ ni ó ń pa. Inú náà ń run ún nítòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibà kò sí lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìṣe rẹ̀: ó sá, ó fara pamọ́, ó kọ̀ láti lọ.

Ẹ wá wo bí àwọn mẹ́ta yìí ti ń bọ́ ara wọn. Ọmọ rò pé ewu ń bẹ. Ara rẹ̀ gbọ́, ó sì gbọ̀n. Ọmọ náà ka gbígbọ̀n ara rẹ̀ sí ẹ̀rí pé ewu náà dé tán. Ó sá. Bí ó ti sá, ara rẹ̀ balẹ̀ lọ́gán, ọkàn rẹ̀ sì wí fún un pé, "Sísá tí o sá ni ó gbà ọ́ là." Ní ọjọ́ kejì ẹ̀rù náà yóò pọ̀ ju ti àná lọ, nítorí kò rí àyè láti mọ̀ pé bí òun bá dúró, ohun búburú náà kì bá tí ṣẹlẹ̀. Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí okùn, yóò sá. Ẹni tí ó sá fún okùn lónìí kò ní mọ̀ láéláé pé okùn ni.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa nìyí, a sì fẹ́ kí ẹ dì í mú: sísá ni oúnjẹ ìbẹ̀rù. Ohun tí a bá ń sá fún a máa dàgbà. Ohun tí a bá ń rìn lọ bá ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, pẹ̀lú ẹni tí a fọkàn tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a máa kéré sí i.

ÀṢÌṢE MẸ́TA TÍ À Ń ṢE

Àṣìṣe kíní ni ti ipá. A ó na ọmọ náà, a ó pè é ní ojo, a ó fi í wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí jẹ̀bi èyí. Ó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn tí ọmọkùnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ wa ní ilé àlùfáà. Ọmọ náà mọ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àwùjọ ń bà á. Nígbà tí Àjọ̀dún Ìkórè dé, a ní kí ó ka ẹ̀kọ́ kejì níwájú ìjọ. Ó bẹ̀ wá, a kò gbọ́; a ní ojo ni, a sì tì í síwájú. Ó dìde, ó ṣí ìwé, ohùn rẹ̀ kò jáde. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kúrò lọ́dọ̀ wa, kò tún dìde kàwé níwájú ènìyàn mọ́. A rò pé ìgboyà ni a ń kọ́ ọ. Ìbẹ̀rù ni a kọ́ ọ.

Àṣìṣe kejì ni ti ìkẹ́ tí ó kọjá ààlà, ìfẹ́ sì ni ó sábà máa ń bí i. Ìyá kò lè fara da ẹkún ọmọ rẹ̀, nítorí náà ó ní kí ó jókòó sílé lónìí. Ọ̀la náà bẹ́ẹ̀. Ó ń bá a sùn lórí ẹní kan, ó ń bá a dáhùn bí àlejò bá kí i, ó ń sọ fún un ní ìgbà ogún lójúmọ́ pé, "Má bẹ̀rù, kò sí ohun kan." Ìtùnú yìí dùn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́, bí ó bá ti tán, ọmọ a tún wá béèrè òmíràn. Láìmọ̀, ìyá náà ti di ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ ń gbà sá.

Àṣìṣe kẹta ni pé kí a sọ fún ọmọ pé ayé ń ṣe é, tàbí pé ẹ̀mí àìmọ́ ni ó gbé e wọ̀, kí a sì máa gbé e káàkiri láti ilé àdúrà kan dé òmíràn níbi tí a ó ti dè é, tí a ó sì fi ebi pa á. Àwa kò kọ àdúrà. Iṣẹ́ wa ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, a ó gbàdúrà, a ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ egungun tò. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, tí àgbà tún wá sọ fún pé ẹ̀mí búburú ń gbé inú rẹ̀, ẹrù méjì ni a gbé ru ú.

BÍ A ṢE RÍ Ọ̀NÀ ÌTỌ́JÚ YÌÍ

Ọ̀nà tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè ní CBT. Ní èdè wa a lè pè é ní ìtọ́jú ìrònú àti ìṣe, nítorí ìrònú ọmọ àti ìṣe rẹ̀ ni ó ń tọ́ sọ́nà. Kò ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá.

Ní ọdún 1924, obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Mary Cover Jones, kọ ìwé nípa ọmọkùnrin kékeré kan tí ó pè ní Peter. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rù ehoro gidigidi. Obìnrin yìí kò nà án, kò sì kó ehoro kúrò ní ojú rẹ̀ pátápátá. Ó jẹ́ kí ó máa ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò bẹ̀rù ehoro. Nígbà tí ó yá, ó fún un ní oúnjẹ tí ó fẹ́ràn, ó sì gbé ehoro nínú àgò sí ọ̀kánkán. Ní ọjọ́ mìíràn a sún àgò náà mọ́ tòsí díẹ̀, àti díẹ̀ sí i. Ní ìkẹyìn, Peter jẹ́ kí ehoro náà máa fẹnu họ ìka ọwọ́ òun. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ìbẹ̀rù ń jáde.

Lẹ́yìn rẹ̀, Joseph Wolpe, dókítà kan ní Gúúsù Áfíríkà, mú ọ̀nà yìí gbòòrò nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1958. Aaron Beck ní ìlú Philadelphia fi ti ìrònú kún un ní àwọn ọdún 1960: ó fi hàn pé ìrònú kan a máa sáré kọjá lọ́kàn ènìyàn kí ó tó mọ̀, àti pé a lè dá ìrònú bẹ́ẹ̀ dúró, kí a sì bi í léèrè bóyá òótọ́ ni. Ní ìlú kan náà, Philip Kendall ṣe ètò rẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1994 ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde láti ara ọmọ 47, ẹni ọdún 9 sí 13. Àwọn tí ó gba ìtọ́jú náà sàn ju àwọn tí ó ṣì ń dúró de tiwọn lọ.

Iṣẹ́ tí ó tóbi jù ú lọ jáde ní ọdún 2008. Ọmọ 488, ẹni ọdún 7 sí 17, ni a pín sí ọ̀nà mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ 12. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ó gba ìtọ́jú ìrònú àti ìṣe nìkan, bí 60 ni ó sàn dáadáa. Nínú àwọn tí ó lo oògùn nìkan, bí 55. Nínú àwọn tí a fún ní méjèèjì pọ̀, bí 81. Nínú àwọn tí a fún ní oògùn tí kò ní agbára kankan nínú, bí 24. Ẹ rí i pé ìtọ́jú yìí kì í ṣe idán, kì í sì í mú gbogbo ènìyàn lára dá. Ṣùgbọ́n ó ran èyí tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́, bí oògùn bá sì di dandan, dókítà ni yóò kọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé nǹkan òyìnbó ni. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo gba iṣẹ́ ní Aró ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1954, ó fi àwọn aláìsàn ọkàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó wà yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ìbátan wọn tí ó bá wọn wá, kí wọ́n lè gba ìtọ́jú láàárín ènìyàn. Ayé yìn ín nítorí èyí. Ó mọ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ojú ẹbí ni ara rẹ̀ ti ń yá. Ní ìlú Lusaka ní orílẹ̀-èdè Zambia, a fi irú ìtọ́jú yìí tí a ṣe fún àwọn tí ojú wọn ti rí nǹkan ran ọmọ 257, ẹni ọdún 5 sí 18, wò, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Àwọn tí ó ṣe ìtọ́jú náà kì í ṣe dókítà. Ará ìlú lásán ni wọ́n, tí a kọ́ ní iṣẹ́, tí a sì ń bójú tó. Àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn sàn ju àwọn tí ó gba ìrànlọ́wọ́ àtẹ̀yìnwá lọ púpọ̀púpọ̀.

ÌGBÉSẸ̀ MÁRÙN-ÚN

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí nínú ọkọ̀ tí a dá dúró. Ó gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ni, ó sì kọ̀ láti wọ ọkọ̀ ilé-ìwé láti ìgbà náà. Kí ni kí àwọn òbí rẹ̀ ṣe?

Èkíní, kí wọ́n gbọ́ ọ. Kí wọ́n jókòó tì í ní àkókò tí ara tù ú, kì í ṣe ní òwúrọ̀ tí ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó ń bẹ̀rù gan-an. Ọmọ kan ń bẹ̀rù ọ̀nà. Òmíràn ń bẹ̀rù pé bí òun bá lọ, a ó pa ìyá òun lẹ́yìn òun. Òmíràn ń bẹ̀rù olùkọ́ tí ó ń nà, tàbí ọmọ ńlá tí ó ń jẹ ẹ́ níyà. Bí ó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí, kì í ṣe ọmọ ni ó nílò ìtọ́jú. Ilé-ìwé ni kí a lọ bá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ́ ọ láti wọn ìbẹ̀rù rẹ̀. Ọmọ ayò mẹ́wàá dára fún èyí. Ẹ kó wọn síwájú rẹ̀, kí ẹ wí pé, "Bí kò bá sí ẹ̀rù rárá, má mú ọ̀kan; bí ó bá pọ̀ dé góńgó, mú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mélòó ni ti òní?" Ìbẹ̀rù tí a lè kà kì í tún ṣe òkùnkùn mọ́.

Èkejì, kí wọ́n kọ́ ọ ní bí a ti ń mú ara rọlẹ̀. Kí ó gbé ọwọ́ lé ikùn, kí ó fa èémí sínú jẹ́jẹ́ láti imú títí ikùn yóò fi gbé ọwọ́ sókè, kí ó sì tú u jáde láti ẹnu bí ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí títú náà pẹ́ ju fífà lọ. Kí wọ́n jọ máa ṣe é ní alaalẹ́ kí wọ́n tó sùn, kí ó lè mọ́ ọn lára kí ọjọ́ ẹ̀rù tó dé. Kí wọ́n sì ṣàlàyé fún un pé àyà tí ń lù kò lè pa á, àti pé bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, lílù náà yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n jọ gbé ìrònú náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ọmọ ni yóò ṣe adájọ́. "Ìrònú wí pé, bí o bá wọ ọkọ̀, wọn yóò jí ọ gbé. Kí ni ẹ̀rí rẹ̀? Ìgbà mélòó ni o ti wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-ìwé? Ìgbà mélòó ni o padà wálé?" Ẹ ṣọ́ra níbí: ẹ má ṣe wí pé, "Kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé." Ọmọ mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí, bí ẹ bá pa irọ́ fún un lórí èyí, kò ní gba èyí tí ó jẹ́ òótọ́ gbọ́ mọ́. Ohun tí a ń wá ni gbólóhùn òtítọ́ kan tí ó lè gbé lọ́wọ́ bí ọ̀pá: "Ó ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn àgbà ti wo ọ̀nà. Bí ẹ̀rù bá bà mí, mo mọ bí a ti ń mí, mo sì mọ ẹni tí n ó sọ fún."

Ẹ̀kẹrin ni ọkàn iṣẹ́ náà: kí wọ́n jọ gun òkè ìbẹ̀rù ní ìpele-ìpele. Ẹ̀yin ará Ìkéré mọ̀ pé kò sí ẹni tí ń fò gun Olósùnta. Ẹsẹ̀ kan ni a ń gbé tẹ̀lé òmíràn. Kí òbí àti ọmọ jọ ka àwọn ìpele náà, láti orí èyí tí ó rọrùn jù dé èyí tí ó le jù. Ìpele kíní: kí ọmọ náà jókòó nínú ọkọ̀ tí ó dúró nínú ọgbà, ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkejì: kí ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìkẹta: kí òun àti bàbá rẹ̀ gbé e dé ilé-ìwé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì padà. Ìkẹrin: kí bàbá bá a lọ ní ọjọ́ ẹ̀kọ́. Ìkarùn-ún: kí bàbá máa dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ìkẹfà: kí ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó sì bá wọn bọ̀.

Òfin méjì ni ó ń bẹ lórí òkè yìí. Òfin kíní: a kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù wà lójú ọ̀gá. Bí ọmọ bá mú ọmọ ayò méje nígbà tí ó wọ inú ọkọ̀, ẹ dúró tì í títí yóò fi dá mẹ́ta tàbí mẹ́rin padà, kí ẹ tó jáde. Bí ẹ bá jáde ní méje, ẹ ti tún bọ́ ìbẹ̀rù náà ni. Òfin kejì: a kò gbọdọ̀ fò. Ẹ tún ìpele kan ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ mẹ́rin, títí yóò fi sú ọmọ, kí ẹ tó kan èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí ìpele kan bá ga jù, ẹ fọ́ ọ sí méjì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n yìn ín. Kí wọ́n yin ìgbìyànjú rẹ̀, kì í ṣe àìbẹ̀rù rẹ̀: "Ẹ̀rù bà ọ́, o sì ṣe é síbẹ̀." Àkàrà gbígbóná kan, ìtàn kan ní alẹ́, ìrìn-àjò kan lọ kí ìyá àgbà, gbogbo ìwọ̀nyí tó èrè fún ọmọ. Bí ọjọ́ kan bá dé tí ó ṣubú, tí ó tún kọ̀ láti lọ, kí wọ́n má ṣe ka gbogbo iṣẹ́ náà sí òfo. Ẹni tí ó ń gun òkè a máa yọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó yọ̀ sí ni yóò ti dìde, kì í ṣe ìsàlẹ̀ òkè.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ òbí. Ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, Eli Lebowitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 2020 láti ara ọmọ 124. Fún apá kan, ọmọ ni a tọ́jú, fún apá kejì, òbí nìkan ni wọ́n ń rí, wọ́n ń kọ́ wọn láti dẹ́kun ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ọmọ sá, kí wọ́n sì máa fi ọ̀rọ̀ méjì papọ̀: "A mọ̀ pé ó ṣòro fún ọ" àti "A mọ̀ pé o lè ṣe é." Àwọn ọmọ apá kejì kò kẹ́yìn sí àwọn ti àkọ́kọ́. Àwọn baba wa ti wí i tipẹ́ pé bí a bá fi ọwọ́ kan bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ kejì fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni iṣẹ́ yìí ń béèrè.

NÍPA EWU TÍ Ó JẸ́ ÒTÍTỌ́

Ẹnì kan lè wí pé, "Àlùfáà, ehoro Peter kò ní ìbọn lọ́wọ́. Àwọn tí ó wà nínú igbó wa ní. Ṣé a ó kọ́ ọmọ láti má ṣe bẹ̀rù ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù?" Ìbéèrè yìí tọ́, a kò sì gbọdọ̀ yẹra fún un.

Ìdáhùn wa ni èyí: iṣẹ́ àgbà ni láti ṣọ́ ọ̀nà, iṣẹ́ ọmọ ni láti kẹ́kọ̀ọ́ àti láti ṣeré. Kí òbí àti olùkọ́ kọ́kọ́ ṣe tiwọn: kí ọkọ̀ má ṣe pẹ́ lójú ọ̀nà títí ilẹ̀ yóò fi máa ṣú, kí ó má ṣe gba ọ̀nà tí a ti kìlọ̀ nípa rẹ̀, kí àwọn tí ń ṣọ́ ìlú mọ àkókò rẹ̀, kí ẹnì kan sì wà tí ń ka àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń wọlé. Bí ọ̀nà bá burú ní ọjọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọmọ gba ibẹ̀ nítorí pé ó ń gun ìpele. Òkè tí a ń sọ yìí wà fún ìbẹ̀rù tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àgbà ti ṣe ojúṣe rẹ̀ tán. Bí a bá fi ọ̀nà sílẹ̀ láìṣọ́, tí a wá ń kọ́ ọmọ ní ìgboyà, ẹ̀tàn ni. Bí a sì ṣọ́ ọ̀nà, ṣùgbọ́n tí a fi ọmọ pamọ́ sínú yàrá títí láé, àwọn ajínigbé ti kó èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn.

Ohun kan tún kù: ẹ mú ẹnu yín mọ́ níwájú àwọn ọmọ. Àgbà a máa jókòó sí iwájú ilé lálẹ́, a máa ròyìn ìpànìyàn láti orí dé ẹsẹ̀, ọmọ a sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ó ń gbọ́. Ẹ sọ òtítọ́ fún ọmọ ní ìwọ̀n tí ọjọ́ orí rẹ̀ lè gbé, kí ẹ sì parí rẹ̀ síbẹ̀.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A WÁ DÓKÍTÀ

Àwọn ìgbésẹ̀ tí a là sílẹ̀ yìí wà fún ìbẹ̀rù tí kò tíì jinlẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí ọmọ kò lè lọ sí ilé-ìwé, tí kò jẹun, tí kò sùn, tàbí tí ó ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má ṣe dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ibi náà, tí ó ń ta gìrì lójú oorun, tí ó ń rí i bí ẹni pé ó tún ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gun òkè fúnra yín, kí ẹ má sì fi ipá mú un láti máa ròyìn ohun tí ó rí. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ni yóò bá a ṣe é. Àwọn dókítà ọkàn wà ní Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, wọ́n sì wà ní ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Ní Ìbàdàn, ibùdó kan wà ní Yunifásítì fún ìlera ọkàn àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omigbodun ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Ìbàdàn kan náà ni àwọn onímọ̀ ti kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ìbànújẹ́ ọkàn ń dà láàmú jọ, tí wọ́n sì fi ìtọ́jú ìrònú àti ìṣe ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ní ìpàdé márùn-ún péré. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2016, ó sì dára. Kì í ṣe ìtìjú láti lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó lọ kò ya wèrè. Ó lọ kí ara ọmọ rẹ̀ lè yá ni.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ará, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá, àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ máa ń rò pé ti ìyá nìkan ni ẹkún ọmọ, kí olúkúlùkù padà sílé kí ó sì wò yíká. Bóyá ọmọ kan wà nínú ilé rẹ tí ó ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí o sì rò pé ìwà rere ni.

Ní ti ọmọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti di bàbá ọmọ nísinsìnyí. A ti wá a lọ, a sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti dárí jì wá, ṣùgbọ́n pé títí di òní, bí a bá pe òun láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹbí, òun a máa wá ìdí láti jáde síta. Ìwé kíkà ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ogún ọdún sì ti kọjá lé e lórí. Bí ó bá jẹ́ pé a mọ̀ nígbà náà ohun tí a mọ̀ lónìí, a kì bá ti jẹ́ kí ó kọ́kọ́ kà á fún wa nínú yàrá, lẹ́yìn náà fún àwọn ará ilé, lẹ́yìn náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sí ènìyàn, àwa nìkan ní ìjókòó ẹ̀yìn, títí ohùn rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà. Ìyẹn kì bá ti gbà wá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn ni a kò ní nígbà náà. Ẹ̀yin ní i. Ẹ lò ó fún àwọn ọmọ yín.